Bàámi, Kì í Ṣe Mẹ́kà Ni Mo Lọ

Bàámi, Bàbá Onígbàjámọ̀ Bẹ́ẹ̀rẹ̀,

Ẹ kú àtijọ́ o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń mú inú mi dùn jù, kí n tó wá máa to ìyókù: mi ò mutí mọ́. Mi ò lo oògùn mọ́. Ó ti lé lọ́dún kan. Kò sí ọtí nínú ife, kò sí ọtí nínú àgbo, kò sí hóró tírámádọ́ọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo mọ̀ pé ká ní ẹ wà láyé ni, ẹ̀ bá wo ọ̀tún wo òsì, ẹ̀ bá ní kí n rọra sọ̀rọ̀, kí aráalé má baà gbọ́. Aráalé ti gbọ́, Bàámi. Gbogbo Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ló ti gbọ́. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún wọn.

Inú ṣọ́ọ̀bù yín ni mo ti ń kọ ìwé yìí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsàrí tán ni, oníbàárà kò tíì dé, mo sì jókòó sórí àga yín tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fìdí kàn àfi ẹni tó bá fẹ́ fárí. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń dán abẹ wò? Ẹ ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó ní Bísímílà, ẹ ó wá fi fá irun apá òsì yín díẹ̀. Apá òsì yín ò ní irun rárá ní gbogbo ìgbà tí mo fi mọ̀ yín. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé bí wọ́n ṣe ń bí gbogbo bàbá nìyẹn. Ẹ kì í sì í fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni kí ẹ tó béèrè ìyá rẹ̀. Ìyá ńkọ́? Ṣé ara wọn le? Kódà ẹni tí ìyá rẹ̀ ti kú, ẹ ó ṣì béèrè, lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá máa bẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ bi yín, ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ṣé ẹ mọ̀? Ẹ rántí ọjọ́ Jímọ̀ kan tí a ń múra mọ́ṣáláṣí, tí mo sún mọ́ yín láti bá yín de bọ́tìnnì ọrùn jàlámíà yín? Ẹ gbóòórùn ẹnu mi. Mo rí i lójú yín pé ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ kàn tọwọ́ bọ àpò, ẹ fún mi ní tọ́mútọ́mù kan, ẹ ní kí n máa lá a lọ. Kí lẹ rò nígbà yẹn? Ṣé ẹ̀ ń bò mí láṣìírí ni, àbí ẹ̀rù ló bà yín? Mo ti bi ara mi títí, ó ti sú mi.

Àgbo ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìdúró ni iṣẹ́ wa. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn á ti máa ro èèyàn. Mùsùlùmí ni mí, ọmọ Bàbá Onígbàjámọ̀, mi ò jẹ́ wọ ilé ọtí láéláé. Ṣùgbọ́n ta ló máa bá èèyàn wí pé ó mu àgbo ọ̀pá ẹ̀yìn? Ìyá alágbo ń gbé igbá kọjá, ó ní èyí tí wọ́n fi omi rẹ, ó ní èyí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, èyí tí wọ́n fi ògógóró rẹ ni gbogbo wa sì ń sọ pé ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí ń mu ún, àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń mu ún. A kà á sí oògùn. Àṣìṣe tiwa ládùúgbò yìí nìyẹn: kò sẹ́ni tó lè pè wá ní ọ̀mùtí, torí kò sẹ́ni tó bá wa nídìí ọtí rí. Láti orí ife kan láàárọ̀, ó di mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan ní gáréèjì kọ́ mi ní tírámádọ́ọ̀, pé tí mo bá gbé hóró kan mì, mo lè fárí látàárọ̀ ṣúlẹ̀ láì mọ̀ pé mo ní ẹ̀yìn. Òótọ́ ló sọ. Mi ò mọ̀ pé mo ní ẹ̀yìn, mi ò sì mọ̀ pé mo ní bàbá tó ń ṣàárẹ̀ nínú ilé.

Ọjọ́ tí ẹ kú ni mo fẹ́ tọrọ àforíjì lé lórí. Èmi ni àkọ́bí. Èmi ló yẹ kí n wọ inú kòtò kí n gbà yín, kí n tẹ́ yín sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí n kọjú yín sí gábàsì. Mo ti gbé hóró mẹ́rin mì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n pè mí, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi. Mo jókòó sórí òkìtì iyẹ̀pẹ̀, mò ń gbọ̀n, itọ́ ń jáde lẹ́nu mi. Àwọn èèyàn ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ ò rí i pé ìbànújẹ́ fẹ́ pa á ni?" Wọ́n bá mi sunkún. Ọkọ Múìnátù àbúrò mi ló wọ inú kòtò lọ gbà yín. Bàámi, kì í ṣe ìbànújẹ́ nìkan. Ẹ forí jì mí. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n sọ ọ́ fún yín.

Lẹ́yìn yín, ó wá burú jáì. Wọ́n pè mí láti wá fá irun ìkókó kan níbi ìsọmọlórúkọ ní Bẹ́yẹrúnká, bí wọ́n ṣe máa ń pè yín. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo fi abẹ gé awọ orí ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ. Ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀, Ọlọ́run ló yọ mí, ṣùgbọ́n igbe tí ìyá ọmọ náà ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ yẹn ni àga yín ti ṣófo. Ẹ sì mọ aráalé wa: kò sẹ́ni tó sọ pé ọtí ni. Wọ́n ní ayé ló ń bá mi jà. Wọ́n ní ẹni tó ń jowú iṣẹ́ wa ló fi nǹkan sí mi lọ́wọ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, ó kúkú rọ̀ mí lọ́rùn.

Múìnátù ni kò gbà. Ẹ mọ ọmọ yín, kì í gbọ́ rárá. Ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ ààfáà, wọ́n kọ wàláà, wọ́n fọ̀ ọ́ fún mi mu. Ó bá Ìyá Aládùúrà tó wà lójúde wa sọ ọ́, àwọn náà fún mi ní omi àdúrà. Mo mu gbogbo ẹ̀, mo sì fi àgbo lé e. Ó wá gbọ́ nípa ibì kan lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ní wọ́n ti ń tọ́jú irú wa. A dé ẹnu ọ̀nà, ó rí ọkùnrin àgbàlagbà kan tí wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ so lẹ́sẹ̀ mọ́ ìdí igi, apá rẹ̀ jọ tiyín. Múìnátù kò wọlé. Ó fà mí lọ́wọ́, a yí padà, ó sì sunkún nínú mọ́tò títí a fi dé Òrítamẹ́rin.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí a ti rí ìtọ́jú o. Ẹ̀yìn ọsibítù kékeré ìjọba tó wà nísàlẹ̀ ilé wa! Ibẹ̀ gan-an, níbi tí wọ́n ti ń gún àwọn ọmọ wa ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbabẹ̀ kọjá. Kí n má purọ́ fún yín, mo ti tọ̀ sára ọgbà wọn rí. Múìnátù lọ wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ga kọjá ààlà, Nọ́ọ̀sì wá bi í pé kí ló ń rò. Ó ní kò sí nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì tún un wò, ó ní, "Màmá, ẹ̀rọ yìí ò gbà pé kò sí nǹkan kan o." Bí Múìnátù ṣe bú sẹ́kún nìyẹn, tó tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó mú mi wá lọ́jọ́ Àtàlátà, pé yàrá kan wà lẹ́yìn, pé àwọn bíi mẹ́fà ló ń wá síbẹ̀. Ẹni mẹ́fà, nísàlẹ̀ ilé wa, a ò sì mọ̀, torí ẹ̀yìnkùlé ni kálukú ń gbà wọlé kí wọ́n má baà rí i.

Mo rò pé ṣe ni Nọ́ọ̀sì máa wàásù fún mi. Obìnrin Ìjẹ̀ṣà ni, ó rí tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ sì lè jí òkú, ẹ má bínú. Kò bi mí pé kí ló dé tí mò ń mutí. Ó ní, "Aago mélòó lẹ máa ń mu àkọ́kọ́?" Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kí n tó ṣe àlùwàlá Àsùbáà ni. Mo sọ ọ́ tán, ojú tì mí, mo fẹ́ dìde. Ó ní kí n jókòó, pé àìsàn ni, pé ó ní ìtọ́jú, àti pé kí n má fúnra mi dá a dúró lójijì nínú ilé o, torí gìrì lè gbé mi, kí n sì kú. Ó kọ ìwé fún mi lọ sí ọsibítù ńlá. Ó ní tí wọ́n bá ti tún ara mi ṣe tán níbẹ̀, ọ̀dọ̀ òun ni kí n padà sí, ní gbogbo Àtàlátà.

Oṣù méjì ni mo lò lọ́hùn-ún. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. Mo làágùn, mo bì, mo ń rí èèrà lára ògiri tí kò sí èèrà kankan, mo ń pè yín bí ọmọdé. Ṣé ẹ gbọ́? Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n fún mi ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, mo jẹ ẹ́, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí nǹkan ti dùn mọ́ mi lẹ́nu, Bàámi. Ọkùnrin gàdàgbà bíi tèmi, mo jókòó, mò ń sunkún nítorí mọ́ínmọ́ín.

Àṣé wàhálà ń dúró dè mí nílé. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́hùn-ún, ẹ mọ ohun tí Múìnátù sọ fún aráalé? Ó ní mo lọ Mẹ́kà! Ó ní oníbàárà mi kan, ọlọ́lá, ló gbé mi lọ ṣe Úmúrà, pé mo sì dúró gbààwẹ̀ níbẹ̀. Kò fẹ́ kí wọ́n máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mi ò mọ nǹkan kan. Ọjọ́ tí mo délé, mo bá ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bá àga, mo bá Mọ́gàjí olórí ilé wa nínú agbádá, gbogbo wọn dìde, ariwo ta: Àlàájì! Àlàájì! Ẹ káàbọ̀ o! Múìnátù ti ra dàbínù sílẹ̀. Ó ti bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré kan, ó ní omi Sámúsámù ni, omi mímọ́ ti Mẹ́kà. Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo rí àwọn ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó ti já. Mo wo Múìnátù. Múìnátù ń wo òkè àjà.

Kò kúkú le láti jẹ́ Àlàájì. Kéèyàn kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, kó pín dàbínù. Ṣùgbọ́n tó bá di Àtàlátà, ibo ni Àlàájì máa ní òun ń lọ? Tí mo bá jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀, mi ò ní lè wọ ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì lójú gbogbo ayé mọ́. Tí mi ò bá sì lọ, mo mọ ara mi, oṣù kan kò ní pé tí màá fi padà sídìí àgbo. Mo ṣì ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Àgbà, ìyàwó tó dàgbà jù nílé wa, na ife. Múìnátù bu omi fún wọn. Wọ́n ká ìró, wọ́n da omi náà sọ́wọ́, wọ́n fi ń ra orúnkún wọn tó ti ń dùn wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n dijú, wọ́n ń ṣe àmín, àmín. Mi ò lè wò ó.

Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ dúró ná. Píọ̀ wọ́tà ni." Mo ní mi ò lọ Mẹ́kà, ọsibítù ni mo wà, wọ́n ń bá mi lé ọtí àti tírámádọ́ọ̀ kúrò lára, ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì nísàlẹ̀ ilé wa ni màá sì ti máa gba ìyókù ìtọ́jú. Mo ní ọtí ló wà nínú àgbo tí mò ń mu, ọtí ló gé ọmọ ọlọ́mọ lórí ní Bẹ́yẹrúnká, oògùn ló mú mi jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin yín. Mo ní kì í ṣe ayé, kì í ṣe ẹni tó ń jowú, èmi ni. Mo wo ọwọ́ mi, ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Múìnátù ti fi ìborùn bo ojú.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Píọ̀ wọ́tà ni mo fi ra orúnkún yìí?" Wọ́n wo orúnkún náà, wọ́n wò mí. "Ó kúkú tutù." Ni ẹ̀rín bá bú gbàù! Bàámi, mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ nílé wa láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Láàárín ariwo yẹn ni Ìyá Táyé, tó ń ta aṣọ l'Ọ́jà'ba, sún mọ́ mi, ó di apá mi mú, ó ní, "Ọjọ́ wo lẹ ní wọ́n máa ń ṣí?" Mo ní Àtàlátà. Ó ní Táyé òun ń mu oògùn ikọ́ láti bí ọdún méjì, ó sì jẹ́ pé kò wú ikọ́ kankan. Mo ní kí Táyé jẹ́ ká jọ lọ.

Mọ́gàjí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde, wọ́n ká apá agbádá wọn, wọ́n jáde láì dágbére. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ọwọ́ ni wọ́n á jù, wọ́n á kọjá lọ. Ibòmíràn ni wọ́n ti ń fárí. Ó dùn mí gan-an, torí ọ̀rẹ́ yín ni wọ́n, ẹ̀yin lẹ sì ń fá orí wọn láti ìgbà tí irun wọn ti dúdú. Mo gbà pé mo ti ba orúkọ ilé jẹ́ lójú wọn. Síbẹ̀, mo lọ lọ́jọ́ Àtàlátà.

Èmi àti Táyé la jọ lọ nígbà àkọ́kọ́. Nígbà kejì, a di mẹ́ta. A ò gba ẹ̀yìnkùlé, iwájú la gbà wọlé, láàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ, à ń kí wọn kú ìtọ́jú ọmọ. Nígbà tí ààwẹ̀ mìíràn fi máa yípo, Nọ́ọ̀sì ní bẹ́ǹṣì kò tó wa jókòó mọ́, Lèmọ́mù wa ní ká wá kó méjì ní mọ́ṣáláṣí. Kì í ṣe gbogbo wa ló dúró o. Ẹnì kan padà sídìí ẹ̀, ó tún ti ń bọ̀ báyìí. Èmi náà, ọjọ́ kan wà tí mo dúró síwájú igbá alágbo tí mi ò lè lọ tí mi ò lè bọ̀. Mo pe Nọ́ọ̀sì lórí fóònù, ó sì ń pariwo mọ́ mi létí títí mo fi wọlé. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ohùn yẹn.

Oṣù tó kọjá, ìyá ọmọ Bẹ́yẹrúnká yẹn bí òmíràn, obìnrin ni. Bàbá ọmọ fúnra rẹ̀ ló wá pè mí. Mo ní ṣé ó dá wọn lójú? Ó ní ìyàwó òun ló ní èmi ni kí òun pè. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí abẹ, mo ní Bísímílà, mo dán an wò lára apá mi, mo béèrè ìyá ọmọ, ìyá ọmọ sì rèé níwájú mi, ó ń wo ọwọ́ mi, kò ṣẹ́jú. Mo fá orí ọmọ náà mọ́ tónítóní. Ó sùn títí mo fi parí. Àlùhámúdùlíláì! Ẹ̀yin gan-an kì bá fá a jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kọ ìwé yìí lónìí, àárọ̀ yìí ló ṣẹlẹ̀. Àtàlátà la wà. Mò ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn mi. Mọ́gàjí ni. Wọ́n di ọkùnrin kan lápá mú, ó gbẹ, ojú rẹ̀ ti wọnú. Mi ò tètè dá a mọ̀. Ràṣídì ni, Bàámi! Ràṣídì àkọ́bí wọn, tí wọ́n sọ fún gbogbo wa pé ó wà ní Dùbáì láti ọdún mẹ́rin. Òkè Bọ́lá ló wà, nínú yàrá kan nílé àǹtí rẹ̀, oògùn ló ń jẹ, wọ́n sì ń gbé e pa mọ́. Mọ́gàjí kò lè wò mí lójú. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n á gbà á?" Mo ní wọ́n á gbà á, Bàbá.

Mo fẹ́ pe ọlọ́kadà kí ó gbé wọn gba ọ̀nà ẹ̀yìn, kí èèyàn má baà rí wọn. Mo rò pé ohun tí wọ́n ń fẹ́ nìyẹn. Wọ́n mi orí. "Ẹsẹ̀ la máa fi rìn." Fìlà wà lórí wọn, agbádá wà lọ́rùn wọn, bí ìgbà tí wọ́n ń lọ sí ìpàdé àwọn àgbà ìlú. A jáde sí títì. Ẹ mọ bí Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ṣe máa ń rí láàárọ̀. Àwọn èèyàn ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀: Bàbá Mọ́gàjí, ẹ káàárọ̀ o, ibo lẹ forí lé? Mò ń retí kí wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ẹnì kan. Wọ́n dúró, wọ́n sì gbé ohùn sókè. "Ọmọ mi ni mò ń mú lọ gba ìtọ́jú. Oògùn olóró ló ń jẹ. Ẹ bá wa ṣàdúrà." Wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ọlọ́kadà. Wọ́n sọ ọ́ fún ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Wọ́n sọ ọ́ fún Lèmọ́mù. Kò sẹ́ni tó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àmín, àmín ni wọ́n ń ṣe, omi sì ń bọ́ lójú mi, mi ò nù ún.

Nígbà tí a dé ẹnu géètì, olùṣọ́ béèrè pé ta ni ara rẹ̀ kò yá nínú wa. Mọ́gàjí ti lanu láti tún un sọ, ṣùgbọ́n Ràṣídì ti gbé orí sókè.

Ó ní, "Èmi ni."

Mo fẹ́ràn yín, Bàámi. Mi ò sọ ọ́ fún yín rí nígbà tí ẹ wà láyé, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi báyìí. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà onídẹ̀ra ṣe ilé yín.

Èmi ni,
àkọ́bí yín.